Jẹjẹrẹ ọyàn: Báwo ni àyẹ̀wò RNA ṣe ń sọ bóyá àrùn náà lè padà wá, kí ló sì kù kí Nàìjíríà tó jẹ àǹfààní rẹ̀?

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ, tó yọ kókó jẹjẹrẹ kúrò lọ́yàn obìnrin, ìbéèrè kan ló máa ń kù lọ́kàn aláìsàn náà àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀: ṣé àrùn yìí kò ní padà wá mọ́?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí dókítà tó lè fọwọ́ sọ̀yà dáhùn ìbéèrè yìí. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni bí kókó náà ṣe tóbi tó, bóyá ó ti ràn dé abẹ́ abíyá, àti bí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ẹ̀rọ maikirosíkóòpù.

Nítorí pé wọn kò mọ ara ẹni tí àrùn náà yóò padà sí, ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ń fún ní oògùn chemotherapy, èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ sí chemo, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kó má baà di àbámọ̀.

Oògùn yìí ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là, àmọ́ ó lágbára púpọ̀. Ó máa ń mú kí irun re, ó ń fa èébì àti àárẹ̀, àwọn kan lára rẹ̀ sì lè ṣàkóbá fún ọkàn. Ní Nàìjíríà, níbi tí aláìsàn ti máa ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú láti àpò ara rẹ̀, owó chemo lè jẹ gbogbo ohun tí ìdílé kan fi pamọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ọ̀nà láti mọ ẹni tí chemo yóò ṣe láǹfààní gan-an àti ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n rí ni pé èròjà kan tó wà nínú kókó jẹjẹrẹ náà, RNA, lè sọ púpọ̀ nípa ohun tí àrùn náà fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Kí ni RNA?

Nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà lára èèyàn ni DNA wà. Inú rẹ̀ ni gbogbo àṣẹ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì wà, àwọn àṣẹ wọ̀nyí la sì ń pè ní jíìnì.

A lè fi DNA wé ọba tí kì í déédéé jáde láàfin. Bí ọba bá fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ nígboro, ìránṣẹ́ ló máa rán. RNA ni ìránṣẹ́ náà.

Bí èèyàn bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin, tó ń ka iye ìránṣẹ́ tó ń jáde, tó sì mọ iṣẹ́ tí ọba rán wọn, yóò mọ ohun tó ń lọ nínú ààfin láìjẹ́ pé ó wọ ibẹ̀. Ohun tí àyẹ̀wò RNA ń ṣe nìyẹn.

Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn Covid-19. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Pfizer àti Moderna jẹ́ ti mRNA, "ìránṣẹ́" sì ni lẹ́tà "m" tó ṣáájú orúkọ náà dúró fún. Àyẹ̀wò PCR tí wọ́n ń fi igi tín-ín-rín gba omi imú fún náà, RNA kòkòrò corona ló ń wá.

Ní ti jẹjẹrẹ, kókó méjì lè jọra bí ìbejì lábẹ́ maikirosíkóòpù, àmọ́ kí iṣẹ́ tí àwọn ìránṣẹ́ wọn ń jẹ́ yàtọ̀ síra. Bí RNA àwọn jíìnì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pín bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ọ̀kan, àmì ni pé kókó náà ń yára dàgbà, ó sì ṣeé ṣe kí àrùn náà padà wá.

Báwo ni àyẹ̀wò náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn àyẹ̀wò yìí ni Oncotype DX, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Aláìsàn kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ tuntun nítorí rẹ̀. Lára kókó tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi formalin àti ìda tọ́jú, ni wọ́n ti máa ń gé díẹ̀.

Ilé àyẹ̀wò yóò yọ RNA jáde láti inú rẹ̀, wọn yóò sì wọn RNA jíìnì 21. Mẹ́rìndínlógún lára wọn ní í ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ. Márùn-ún tó kù ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n, kí wọ́n lè mọ̀ pé èsì náà péye.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fún aláìsàn ní máàkì láti 0 sí 100. Bí máàkì náà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu pé àrùn náà yóò padà wá ṣe kéré tó.

Lọ́dún 2004, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 668 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì dé abẹ́ abíyá, tí wọ́n sì lo oògùn tamoxifen.

Láàárín ọdún mẹ́wàá, nǹkan bíi 7 nínú 100 àwọn tí máàkì wọn kéré ni àrùn náà padà jáde ní ibòmíràn lára wọn. Láàárín àwọn tí máàkì wọn pọ̀, ó tó 30 nínú 100.

Oncotype DX nìkan kọ́ ló wà. Àwọn onímọ̀ ní Netherlands ṣe MammaPrint, tó ń wo jíìnì 70. Prosigna ń wo 50. Fún àwọn ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ prostate, àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ Decipher, tó ń wo RNA 22.

Ta ni kò nílò chemo?

Pé àyẹ̀wò kan lè sọ ibi tí ewu wà jẹ́ ohun kan. Bóyá dókítà lè torí rẹ̀ yọ chemo kúrò nínú ìtọ́jú aláìsàn, láìsí pé ó kábàámọ̀, jẹ́ ohun mìíràn.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TAILORx, tí àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 kópa nínú rẹ̀, ló dá ìbéèrè yìí lóhùn. Èsì rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2018.

Obìnrin 6,711 ni máàkì wọn wà láàárín 11 sí 25. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gba oògùn tó ń dènà hormone nìkan. Àwọn yòókù gba oògùn yìí pọ̀ mọ́ chemo.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, 83.3 nínú 100 àwọn tí kò gba chemo ni jẹjẹrẹ kò yọ lẹ́nu láti ìgbà náà, tí wọ́n sì wà láàyè. Láàárín àwọn tó gba chemo, 84.3 ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju 50 lọ yàtọ̀ díẹ̀. Bí máàkì wọn bá wà láàárín 16 sí 25, ìwádìí náà fi hàn pé chemo lè ṣe àwọn kan lára wọn láǹfààní.

Ní Yúróòpù, ìwádìí mìíràn tó ń jẹ́ MINDACT lo MammaPrint fún obìnrin 6,693. Ó rí i pé àwọn kan wà tí dókítà ì bá fún ní chemo bó bá wo bí kókó wọn ṣe rí nìkan, tó sì jẹ́ pé RNA wọn sọ pé ewu náà kéré. Nínú àwọn tí kò gba chemo lára wọn, nǹkan bíi 95 nínú 100 ni àrùn náà kò tíì ràn dé ibòmíràn lára wọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Irú èsì báyìí ló mú kí àyẹ̀wò RNA di ara ìtọ́jú ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ NICE tó ń gba ètò ìlera NHS nímọ̀ràn ti fọwọ́ sí Oncotype DX fún àwọn aláìsàn kan láti ọdún 2013.

Ohun tí àyẹ̀wò yìí kò lè ṣe

Àyẹ̀wò RNA kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì. Kò lè sọ pé àrùn yóò padà sí ara lágbájá, kò ní padà sí ara làkáṣègbè. Ohun tó ń sọ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kókó wọn rí báyìí, mélòó ló ṣeé ṣe kó padà sí lára.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọyàn ló wà fún. Àwọn tí hormone estrogen tàbí progesterone ń bọ́ kókó wọn, tí kókó náà kò sì ní HER2 lápọ̀jù, ni wọ́n ṣe Oncotype DX fún.

Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní triple-negative kò sí lára wọn. Orúkọ yìí túmọ̀ sí pé wọn kò rí ohun tó ń gba estrogen tàbí progesterone lára kókó náà, HER2 rẹ̀ kò sì pọ̀ lápọ̀jù. Chemo ṣì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ìtọ́jú irú èyí.

Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò náà kì í ṣe fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti ràn dé egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tètè rí àrùn lára wọn ló máa ń ṣe láǹfààní jù.

Ṣé máàkì náà bá àwọn obìnrin adúláwọ̀ mu?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì nítorí pé àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Nínú TAILORx, nǹkan bíi 7 péré nínú 100 ló jẹ́ adúláwọ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ èsì àwọn obìnrin adúláwọ̀ yìí wò lọ́tọ̀, wọ́n rí i pé àrùn náà padà sí wọn lára ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì wọn jọra, tí ìtọ́jú wọn sì jọra.

Lọ́dún 2021, ìwádìí mìíràn jáde nínú JAMA Oncology lórí àkọsílẹ̀ obìnrin 86,033 ní Amẹ́ríkà. Ó sọ pé máàkì àwọn obìnrin adúláwọ̀ máa ń ju 25 lọ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ: 17.7 sí 13.7 nínú 100. Ó tún sọ pé àyẹ̀wò náà kò sọ ọjọ́ iwájú àwọn adúláwọ̀ dáadáa bó ṣe ń sọ ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò náà kò wúlò fún obìnrin adúláwọ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ara àwọn kan ṣe lè nílò àtúnṣe kó tó bá àwọn mìíràn mu.

Ọ̀kan lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí jẹjẹrẹ ọyàn láàárín àwọn adúláwọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago.

Lọ́dún 2009, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí kókó ọyàn obìnrin 507 láti Nàìjíríà àti Senegal. Èyí tó lé ní ìdajì lára wọn ló jẹ́ triple-negative, irú èyí tí Oncotype DX kò wà fún.

Àwọn ìwádìí mìíràn ní Nàìjíríà rí i pé àwọn tí estrogen ń bọ́ kókó wọn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú ẹran ara tí wọ́n gé wà lára ohun tó lè fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibo ni Nàìjíríà dé dúró?

Jẹjẹrẹ ọyàn ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ ní Nàìjíríà. Àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé àwọn tó lé ní 28,000 ni àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún 2020.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, kókó náà á ti tóbi tàbí kó ti ràn káàkiri. Àyẹ̀wò RNA kò lè ran ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kejì ni owó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń ta Oncotype DX ní Amẹ́ríkà, California sì ni ilé àyẹ̀wò rẹ̀ wà. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ pé dandan ni kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tíì ní in.

Ìṣòro kẹta kì í sábà gba ojú ìwé ìròyìn, òun sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹran ara tí wọ́n gé lára aláìsàn.

RNA kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti gé ẹran ara kúrò, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn. Ìlànà àgbáyé ni pé kí ẹran náà wọ inú formalin láàárín wákàtí kan, kó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má ju wákàtí 72 lọ.

Bí wọ́n bá fi ẹran náà sílẹ̀ nínú ooru, tàbí tó jẹ́ pé omi lásán ni wọ́n fi í sí, tàbí tí mọ̀lẹ́bí aláìsàn ń gbé e kiri láti ilé àyẹ̀wò kan sí òmíràn, èsì tó máa jáde lè má jẹ́ òótọ́.

Èyí kan àyẹ̀wò tí kò wọ́n tó ti RNA pẹ̀lú, ìyẹn àyẹ̀wò ER, PR àti HER2. Òun ló ń sọ bóyá hormone ń bọ́ kókó náà. Bí ẹran bá ti bàjẹ́, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí ER níbi tó wà. Obìnrin tó yẹ kó máa lo tamoxifen, oògùn oníhóró tó ti pẹ́ tí kò sì wọ́n bíi chemo, lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù rẹ̀.

Kò sí ibi tí máàkì RNA ti wúlò láìsí èsì ER, PR àti HER2 tó ṣeé gbára lé. Ìdí nìyí tí formalin tó tó àti àkókò tó yẹ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ fi ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ olówó iyebíye lọ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà báyìí.

Ẹ̀rọ ikọ́ ife tó lè ka RNA jẹjẹrẹ

Síbẹ̀, ohun tó ń fúnni nírètí wà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀rọ GeneXpert, tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife.

Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ti ṣe àyẹ̀wò kan fún un tó ń jẹ́ STRAT4. Ó ń wọn RNA mẹ́rin nínú kókó ọyàn: ti ER, PR, HER2 àti Ki67, tó ń fi hàn bóyá sẹ́ẹ̀lì ń yára pín.

Àwọn onímọ̀ ti dán an wò ní Rwanda lórí ẹran ara tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé ti àyẹ̀wò tó wà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá àrùn yóò padà wá bíi Oncotype DX, àmọ́ ó fi hàn pé ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ fún àrùn kan lè ka RNA òmíràn.

Bákan náà, ìmọ̀ kíka jíìnì kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ACEGID, ibùdó ìwádìí tó wà ní Redeemer's University nílùú Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ka gbogbo jíìnì kòkòrò corona tí wọ́n rí lára ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà. Òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, RNA sì ni jíìnì kòkòrò náà.

Kí ló yẹ kí aláìsàn bèèrè lọ́wọ́ dókítà?

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ ọyàn, tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀, lè béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí:

• Ṣé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ER, PR àti HER2 lórí kókó náà, kí sì ni èsì rẹ̀?

• Ta ló máa gbé ẹran ara náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, ṣé inú formalin ló sì máa wà? Ó dára kí wọ́n béèrè èyí ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

• Ipele wo ni àrùn náà wà, ṣé ó sì ti dé abẹ́ abíyá?

• Bí estrogen bá ń bọ́ kókó náà, ṣé oògùn tó ń dènà hormone wà lára ìtọ́jú, ọdún mélòó sì ni wọ́n máa lò ó?

• Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní chemo, àǹfààní wo ni wọ́n retí pé yóò ṣe fún un? Bí owó bá wà, ṣé àyẹ̀wò RNA lè yí ìpinnu náà padà?

Ó tún yẹ kí aláìsàn gba ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò rẹ̀, kó sì fi pamọ́. Ìda tí wọ́n fi tọ́jú ẹran náà ṣeé lò fún àyẹ̀wò mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ohun tó kà nípa àyẹ̀wò yìí dá chemo tí dókítà kọ fún un dúró. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ wà tó jẹ́ pé chemo ló ń gba ẹ̀mí là, pàápàá triple-negative.

Bákan náà, ẹni tó bá rí kókó tuntun lọ́yàn tàbí lábẹ́ abíyá, tí awọ ọyàn rẹ̀ ń sún kì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tó bá ń dùn ún kó tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ kókó jẹjẹrẹ kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìtọ́jú ti máa ń ṣiṣẹ́ jù.